Ọmọ ń ka àkọ́sórí, a ní ó mọ ìwé: ọdún mẹ́sàn-án mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ l'Abẹ́òkúta

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ kan ní Abẹ́òkúta. Mo fi mẹ́ta ṣe àǹtí Pírámárì 1 àti 2, mo fi mẹ́fà yòókù ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti wá. Àwọn òbí tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ, àti àwọn ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀, ni mo ń kọ èyí fún.

Ohun kan wà tó máa ń dàrú mọ́ àwọn òbí lójú. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ tàbí orúkọ ìjọ níbí ni ìjọ ṣì ń darí. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì láàrin ọdún 1970 sí 1980. Orúkọ ló kù, ìjọba ló ń sanwó olùkọ́. Èyí tí mò ń sọ ni irú kejì, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ìjọ dá sílẹ̀ sínú ọgbà ara rẹ̀, tí òbí ń sanwó, tí ìgbìmọ̀ ìjọ sì ń darí. Kíláàsì ibẹ̀ kì í sábà kún. Àǹtí mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ìyá rẹ̀, ó tún mọ ìyá ìyá rẹ̀. Ohun tó ń fa òbí wá nìyẹn, kì í sì í ṣe irọ́. Àmọ́ òun náà ló ń bò wá lójú, ẹ ó rí i.

Ní sáà kìíní mi, ọmọ kan wà ní Pírámárì 2 tí gbogbo ìjọ fẹ́ràn. Tó bá dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè ọmọdé, yóò ka Sáàmù 23 tán ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìṣe àṣìṣe kan. Nínú kíláàsì pẹ̀lú, ìwé kíkà rẹ̀ ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì ṣí ojú ìwé 12 nígbà tí àwa wà ní 15. Ó dìde, ó sì ka ojú ìwé 15 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wo ìwé, mo wo ẹnu rẹ̀. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé èmi ni mo fún un ní 18 nínú 20 fún ìwé kíkà.

Mo dán gbogbo kíláàsì wò lọ́sẹ̀ yẹn. Ogún ni wọ́n, mẹ́rin péré ló lè ka ọ̀rọ̀ tí wọn kò rí rí.

Ẹ lè ṣe irú ìdánwò yìí nílé láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi bébà bo àwòrán tó wà lójú ìwé, nítorí pé àwòrán ni ọmọ ń kà nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ka ìlà kan sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn bọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kà á. Èyí tó há a sórí yóò dákẹ́, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ka ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ara rẹ̀ kó tó lè dé ibi tí ọwọ́ yín wà. Ẹ má nà án o. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí a kọ́ ọ ló ń ṣe.

Bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyí: àǹtí á ka ìlà kan, ogún ọmọ á pariwo tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá máa di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, etí ti mọ̀ ọ́n, ojú kò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ méjì tí ohùn wọn le jù ló ń gbé àwọn tó kù lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń kọjá níta yóò sì yìn wá, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ń pariwo ìwé dùn ún gbọ́. Nínú ìjọ, ohun tí ènìyàn lè gbọ́ tàbí tó lè rí lọ́jọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé owó àwọn kò ṣòfò. Àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe é fi hàn là ń kọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀nà àbáyọ wà gan-an ni mo ti kọ́kọ́ sá fún. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní òfin pé ọmọ tó bá sọ Yorùbá lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ yóò san ogún náírà. Èmi ni mo ń gba owó náà. Ẹ sì wo ìlú tí a wà o: Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ará Ẹ̀gbá lè máa kàwé. Míṣọ́nnárì ni. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ wọn ń bu owó ìtanràn lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí nítorí pé ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Mo gbé ìwé kíkà Pírámárì 1 padà sí Yorùbá fún sáà kan. Álífábẹ́ẹ̀tì wa ní lẹ́tà 25, fáwẹ́lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Mo gé páálí bisikíìtì sí wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, mo fi máàkà pupa kọ fáwẹ́lì, mo fi dúdú kọ kọ́ńsónáǹtì. Káàdì kan ṣoṣo ni gb ń gbà. Ọ̀pọ̀ àǹtí máa ń pín in sí g àti b, ọmọ á sì máa wá ohun kan tí kò sí láàrin wọn. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ọjọ́ méjì lórí b, ọjọ́ méjì lórí d. Nígbà tí a máa fi dé lẹ́tà karùn-ún, wọ́n ti fúnra wọn rí i pé bí fáwẹ́lì ṣe ń tẹ̀ lé b náà ló ń tẹ̀ lé k. Tí ẹ bá fi fáwẹ́lì 7 tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì 18, 126 ni yóò fún yín. Kò sí ọmọ tó há 126 sórí, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n kọ́.

Ohùn ni mo fi kẹ́yìn. Mo kọ igba, igbá àti ìgbà sójú pátákó, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ hàn án: ọwọ́ lókè fún mí, níwájú àyà fún re, nísàlẹ̀ fún dò. Àwọn ọmọ tó ń jókòó ti onílù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka gbólóhùn kúkúrú tí wọn kò rí rí, wọ́n sì ń ka pátákó tó wà lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

Ìyá ọmọ kan wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúnlẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ṣé torí Yorùbá tó wà nílé ni mo ṣe ń san owó yìí ni?” Mo mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kò kà á dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà dákẹ́, ó ní òun kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Láti Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ ibi mẹ́ta. P tiwa yàtọ̀, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pè é, torí náà ọmọ á pe pen lọ́nà tó wúwo. Ẹ jẹ́ kó fi ètè nìkan fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ àbẹ́là. Èkejì, c, q, v, x àti z kò sí nínú tiwa, a ní láti kọ́ wọn lọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ zoo á di “súù”. Ẹ̀kẹta ni kọ́ńsónáǹtì méjì tó bá so pọ̀. Yorùbá kì í so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń ki fáwẹ́lì bọ àárín, tí stop á di “sítọ́ọ̀pù”. Ọmọ tó ka “sítọ́ọ̀pù” mọ ìwé kà o, pípè ló kù.

Àrùn kan náà ló wà lára ìṣirò. Ọmọ á kọ oókan dé ọgọ́rùn-ún lórin, ẹ bi í pé kí ló ṣáájú 47, á tún bẹ̀rẹ̀ orin láti oókan. Ẹ fún un ní 42 kó yọ 17 kúrò. Tó bá kọ 35, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ṣe: ó yọ 2 kúrò lára 7 torí pé 7 ló tóbi, ó wá yọ 1 kúrò lára 4. Àǹtí á fa ìlà pupa sí i, á kọ́ ọ pé “yá mẹ́wàá”, ọmọ kò sì mọ ẹni tí à ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ̀ ni mo fi wo èyí sàn. A ṣẹ́ igi ọwọ̀ sí kékeré, a fi rọ́bà di wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. 42 jẹ́ ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjì. Ẹyọ méje kò ṣe é mú nínú méjì, ó di dandan kó tú ìdì kan. Ẹyọ di 12, ìdì ku 3. Ó mú 7 kúrò, ó mú ìdì kan kúrò, ó ku 25. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú rọ́bà yẹn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kì í kọ 35 mọ́.

Nígbà tí mo di ọ̀gá, mo rò pé agbára ti wà lọ́wọ́ mi láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo jókòó, mo ka àkókò. Ìsìn òwúrọ̀ wa ń gba ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 lọ́sẹ̀ kan nìyẹn, wákàtí 45 ní ọ̀sẹ̀ méjìlá. N kò tíì ka ìfidánrawò ìkórè ọmọdé, ayẹyẹ ìparí ọdún àti ọjọ́ ìdásílẹ̀ ìjọ mọ́ ọn. Mo ní kí a dín in kù sí ìṣẹ́jú 20. Ìgbìmọ̀ kò gbà, wọ́n ní ṣé Ọlọ́run ni mo fẹ́ dín kù. Àṣìṣe mi ni pé mo bá wọn sọ̀rọ̀ àkókò. Nígbà tó yá ni mo gbọ́n: mo ní kí ọmọ Pírámárì 3 kan, tí a yàn láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, máa ka Bíbélì láàárọ̀, láti ibi tí a bá ṣí. Ọjọ́ mẹ́rin ni Alùfáà fi dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orí gbá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a dín orin kù.

Gbọ̀ngàn ìjọ ni kíláàsì mẹ́rin wà, pátákó pẹlẹbẹ la fi pín in. Ẹ tẹ́tí sí ìyẹn dáadáa tí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́. Ohùn ń fo orí pátákó, Pírámárì 4 ń dáhùn ìbéèrè Pírámárì 2. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, à ń kó bẹ́ǹṣì jáde, a ń ká gbogbo ohun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ìsìn gbọ́dọ̀ wáyé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ààbọ̀ wákàtí là ń fi tò ó padà. Tí kò bá sí ibòmíràn, ẹ lẹ ohun ìkọ́ni mọ́ pátákó tó ṣe é gbé, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rárá.

Ti olùkọ́, n kò ní fà á gùn. Ìlànà ìjọba ni pé NCE, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ẹ óò bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń dúró de JAMB, tí a gbà torí pé ọmọ ìjọ ni. Ó lè fẹ́ràn ọmọdé gan-an. Bí fásitì bá ti pè é, ó di àárín sáà, ó lọ. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí ni méjì: “Olùkọ́ mélòó ni kíláàsì yìí lò lọ́dún tó kọjá?” àti “Ṣé ẹ ń san owó olùkọ́ ní oṣù Kẹjọ?” Oṣù Kẹjọ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá san án, ẹ má retí pé àǹtí tí ọmọ yín fẹ́ràn ni yóò gbà á ní oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló kù, òun ló sì ń jí mi lóru títí di òní.

Ọmọ kan ní ibà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù olómi, mo gbàdúrà fún un, mo tẹ́ ẹ sórí àga. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó ní òun ti fún un ní aago méje kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàrin ìlò kan àti òmíràn, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàrin wákàtí 24. Ọmọ náà kò rí ewu, ọpẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti so ìwé àkọsílẹ̀ kan kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi: orúkọ ọmọ, aago, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ẹni tí a pè, ohun tó sọ. Tẹmómítà lábẹ́ abíyá ni à ń lò. Tó bá ti dé 37.5, ìyá rẹ̀ là ń pè, a kì í fún un ní oògùn kankan láìjẹ́ pé ó gbà. A lè gbàdúrà lẹ́yìn tí fóònù bá ti dún. Àwọn kan nínú ìjọ ní ìgbàgbọ́ mi ti kéré. Mo gbà.

Èkejì burú jù ú lọ. Bọ̀ọ̀dá kan wá gba ọmọ kan ní aago méjì. Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni. Mo fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ìyá dé ní aago méjì ààbọ̀ láti Ìtòkú, kò bá ọmọ. Títí di aago mẹ́rin kọjá ni a fi ń wá a káàkiri Ìdí-Àbà. Bọ̀ọ̀dá náà kò ní ibi kan lọ́kàn, ọmọ ló rí tó jókòó, ó ní kí òun bá wọn gbé e délé, ó wá yà sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹnu mi gbẹ ní gbogbo wákàtí náà. Ojú tí a mọ̀ nínú ìjọ kì í ṣe àṣẹ. Ìwé kan ni à ń lò báyìí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè gbà á ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ Alùfáà fúnra rẹ̀, a ó pe òbí ná. Ọlọ́kadà tó ń gbé ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò sì gbé lẹ́ẹ̀kan.

Oúnjẹ: ìrẹsì tí ẹ dì pa sínú kúlà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ nígbà tó ṣì ń hó, ó ti lè kan kó tó di aago méjìlá. Bí kò ṣe gbóná gan-an mọ́, tó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà, ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi sínú fúláàsì tó ń mú oúnjẹ gbóná gan-an, tàbí kí ẹ fún un ní ohun gbígbẹ, búrẹ́dì, ẹyin sísè, àkàrà tí a dín láàárọ̀ yẹn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo pẹ́ jù kí n tó rí. Ọmọ 112 la ní, 57 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ni gbogbo wọn ń lò, ìkan náà ni àwọn ará ìjọ ń lò lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ni ìkan fún ọmọbìnrin 25, ìkan fún ọmọkùnrin 50 pẹ̀lú ibi ìtọ̀. Tiwa yẹ kó jẹ́ mẹ́ta fún àwọn obìnrin nìkan. Kò sí òbí tó fẹjọ́ sùn. Àwọn ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ìyá kan ló sọ fún mi lójú ọ̀nà, bí àwàdà, pé ọmọ òun kì í mu omi nílé-ẹ̀kọ́, ike omi tí òun bá rọ láàárọ̀ ló ń gbé padà wálé ní kíkún, á sì máa sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó bọ́ bàtà.

Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, mo dúró sí ẹnu géètì, mo ń gbọn ike omi wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣàlàyé fún mi pé àwọn ti gbà láàrin ara wọn pé àwọn kò ní mu omi, torí pé kòkòrò wà ní ibẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní ìkọ́. Ìkọ́ ilẹ̀kùn la kọ́kọ́ rà, ọjọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni garawa méjì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ tí a fi okùn so kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ, àti obìnrin kan tó ń fọ ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá àti aago méjìlá, kì í ṣe àárọ̀ nìkan. Owó ìkórè ọmọdé ọdún yẹn la fi kọ́ méjì mìíràn, ìgbìmọ̀ sì kùn pé a kò ra aṣọ akọrin ọmọdé. Mo ń gbọn ike omi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo.